Àdúrà Tó Gùn Ju Báńdéèjì Lọ

Kí aago mẹ́fà òwúrọ̀ tó lù lọ́jọ́ Ẹtì tí wọ́n fẹ́ tún un dán wò, Jẹnẹrétọ̀ ti fọ eyín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Eyín náà kò dọ̀tí. Ó kàn ń gbàgbé pé òun ti fọ̀ ọ́ ni. Nígbà tó nawọ́ sí búrọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kẹrin, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì òkè, tó ti ń ṣọ́ ọ bí ológbò ṣe ń ṣọ́ ihò eku, gba búrọ́ọ̀ṣì náà, ó sì tì í sábẹ́ ìrọ̀rí ara rẹ̀. Ó ní bí eyín bá tán lẹ́nu ẹ lónìí, kí lo fẹ́ fi rẹ́rìn-ín tó o bá yege?

Jẹnẹrétọ̀ ní òun ò tíì ronú dé ibi ẹ̀rín. Ibi tóun ronú dé ni ibi tí wọ́n ti ń di ẹrù.

Ó nídìí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí ìjọ dá sílẹ̀ yìí, ìdánwò kan wà ní ìparí ọdún kìíní: wíwẹ egbò àti dídì í, lára èèyàn gidi, lójú olùkọ́, láàárín ìdajì wákàtí. Ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fún un láyè kan sí i. Ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á gbàdúrà fún un, wọ́n á kọrin fún un, wọ́n á sì bá a gbé àpótí rẹ̀ dé ẹnu géètì. Jẹnẹrétọ̀ ti kùnà lẹ́ẹ̀kan.

Kì í ṣe bàbá àti ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Jẹnẹrétọ̀ o. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fún un lórúkọ náà ní ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n wọlé. Bí ọkàn rẹ̀ bá ti dà rú díẹ̀ báyìí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹ̀rọ amúnáwá tí wọ́n gbé lé orí páànù. Wọ́n ní lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọn ìfúnpá ọkùnrin kan, ọkùnrin náà ní kó má dáwọ́ dúró, èjìká tó ti ń ro òun láti ọdún tó kọjá ti ń rọ̀. Wọ́n ní bí iná bá lọ ní ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹnì kan ṣáà ti fi gílóòbù sí i lọ́wọ́. Òun náà a máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, á lọ jókòó sílé ìwẹ̀, á na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá síwájú, á máa bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àtikékeré ló ti fẹ́ iṣẹ́ yìí. Ìyá ìyá rẹ̀ ní egbò lẹ́sẹ̀ nígbà tí Jẹnẹrétọ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Gbogbo ilé ló ń dímú. Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ a máa kí màmá náà láti ojú fèrèsé, wọ́n á ní àwọn ò fẹ́ da oorun wọn rú. Ọmọdébìnrin yìí nìkan ló ń jókòó ti ẹsẹ̀ náà, tó ń fi omi gbígbóná àti iyọ̀ nu ún láràárọ̀, tó ń fa aṣọ fèrèsé àtijọ́ ya láti fi dì í. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n nígbà yẹn, torí pé kò sẹ́ni tó jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àti bírò.

Ìyá rẹ̀ wá ni gbogbo ọ̀rọ̀. Télọ̀ ni, ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ méjì àti ẹnu mẹ́rin. Lẹ́tà ìgbaniwọlé kò tíì dé tó ti rán aṣọ nọ́ọ̀sì funfun sílẹ̀, tó gbé e kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù, tí ẹni tó bá sì wá gba ṣòkòtò á kọ́kọ́ kí aṣọ náà. Nígbà tí Jẹnẹrétọ̀ wá sílé fún ìsinmi àkọ́kọ́, aránbàtà adúgbò gbé ikọ́ wá, onílé gbé orúnkún méjì wá, obìnrin kan fa ewúrẹ́ tí kò jẹun láti ọjọ́ mẹ́ta wá. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n tíì kọ́ ọ nígbà yẹn ni bí wọ́n ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó sọ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n máa mu omi dáadáa. Ó ṣeni láàánú, gbogbo wọn ló yá, títí kan ewúrẹ́. Ìyẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó lè sọ fún adúgbò náà pé ọmọ télọ̀ lè kùnà nǹkan kan láyé yìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yìí náà, ìyá rẹ̀ ti pè é lórí fóònù. Ó ní gbogbo adúgbò ló ń gbààwẹ̀ fún un, àfi onílé nìkan, nítorí ọgbẹ́ inú, ṣùgbọ́n onílé ti fi tíì sílẹ̀, omi gbígbóná lásán ló mu. Ó ní òun ti sọ fún wọn pé ọmọ òun fẹ́ lọ fi bí wọ́n ṣe ń wẹ egbò han àwọn mátírọ́ọ̀nù. Jẹnẹrétọ̀ ní ẹ ṣé, mà. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì lọ wá búrọ́ọ̀ṣì.

Kí n sọ bó ṣe kùnà lákọ̀ọ́kọ́, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rù yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n bá fẹ́ wẹ egbò, wọ́n á ti kẹ̀kẹ́ irin kékeré kan dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n á ṣí ìdì tí wọ́n ti fi ooru pa gbogbo kòkòrò inú rẹ̀, wọ́n á tẹ́ aṣọ búlúù rẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́ náà. Orí aṣọ búlúù yẹn ni òwú máa wà, àti ẹ̀mú kékeré, àti abọ́ omi iyọ̀. Láti ìgbà náà lọ, aṣọ búlúù ti di ọba nìyẹn. Ọwọ́ lásán kò gbọ́dọ̀ kọjá lórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀yìn sí i. Òfin tó sì le jù ni pé ojú kò gbọ́dọ̀ kúrò lára rẹ̀: ohun tí o kò bá ṣọ́, a ti kà á sí ohun tó dọ̀tí nìyẹn, kódà kí ó máa dán bí ojú dígí.

Mátírọ́ọ̀nù ló ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ yìí. Obìnrin kúkúrú kan ni, bàtà rẹ̀ kì í dún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì gbà pé ó ń fi ojú lásán rí kòkòrò, pé ó mọ òmíràn nínú wọn lórúkọ. Òun náà ló ń darí ẹgbẹ́ aládùúrà ilé-ẹ̀kọ́. Bó bá ń kọ́ni, á ní, "Ẹ má bi mí pé ta ló fọwọ́ kàn án. Ìwọ ò sí níbẹ̀, kòkòrò wà níbẹ̀."

Lọ́jọ́ ìdánwò àkọ́kọ́, ẹ̀mú bọ́ lọ́wọ́ Jẹnẹrétọ̀, ó balẹ̀. Ẹlòmíì á ní kí wọ́n fún òun ní òmíràn, máàkì márùn-ún péré ló máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé dé. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í jẹ́ kí nǹkan wà nílẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ẹ̀mú náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé e padà sórí aṣọ búlúù pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Wọ́n ní Mátírọ́ọ̀nù kàn di ọ̀pá bẹ́ẹ̀dì mú. Máàkì méjìdínlógójì ni wọ́n fún un nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni tó máa yege sì gbọ́dọ̀ ní ọgọ́ta.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti sùn mọ́. Ó ń ka ìgbésẹ̀ ìdánwò náà bí ẹni ń kọ orin: fọ ọwọ́, ṣí ìdì, tẹ́ aṣọ, wọ ìbọ̀wọ́, nu egbò láti àárín wá sí etí. Ó ń kà á nínú ilé ìjẹun, ó ń kà á lábẹ́ omi ìwẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà lókè ní òun náà ti mọ̀ ọ́n, pé bí wọ́n bá jí òun lójú oorun báyìí, òun á wẹ egbò ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ òun.

Ohun kan ni kò sí nínú orin náà. Ẹ sì mọ irú ilé-ẹ̀kọ́ tó jẹ́. Wọ́n ń gbàdúrà kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá parí. Wọ́n ń gbàdúrà kí wọ́n tó jẹun, bí oúnjẹ bá sì pẹ́, wọ́n ń gbàdúrà kó dé. Wọ́n ti gbàdúrà rí kí ìpàdé àdúrà tó bẹ̀rẹ̀, àdúrà náà sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìpàdé fi tán. Ní wọ́ọ̀dù, òfin ni pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ gbàdúrà pẹ̀lú aláìsàn kó tó ṣe ohunkóhun. Òun ni nọ́ńbà kìíní nínú ìwé máàkì, ṣáájú ọwọ́ fífọ̀. Níwọ̀n ìgbà tó sì jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni gbogbo wọn ń ṣe é, Jẹnẹrétọ̀ kò há a sórí. Ta ló ń há èémí sórí?

Aago mẹ́sàn-án lù. Wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin gùn tóóró, bẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá lápá kan, mẹ́wàá lápá kejì, ilẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ lẹ́yìn ìfọ̀. Bẹ́ẹ̀dì keje ni tirẹ̀. Káfíńtà àgbàlagbà kan ló wà níbẹ̀, tí pákó já lù ní ojúgun ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ti to ife rẹ̀, ìgò omi rẹ̀ àti awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì kékeré ní ìlà tó gún régé bí ẹni fi okùn wọ̀n wọ́n. Mátírọ́ọ̀nù jókòó síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ìwé lórí itan. Wọ́n fa aṣọ ìkélé yí ká. Ó wá ku àwọn mẹ́ta, egbò kan, àti aago ara ògiri tó ń ta kán-ún kán-ún lókè aṣọ ìkélé.

Jẹnẹrétọ̀ kí bàbá náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì gbáko. Ó ṣí ìdì, ó tẹ́ aṣọ búlúù. Igun rẹ̀ kan ká sókè díẹ̀, ṣùgbọ́n kò yà á lẹ́nu. Gbogbo aṣọ ló ní igun tó lágídí. Ó to òwú, ó to ẹ̀mú, ó da omi iyọ̀. Ó wọ ìbọ̀wọ́. Ọwọ́ kò gbọ̀n. Ó kù díẹ̀ kó fọkàn balẹ̀.

Ó wá ṣèèṣì wo Mátírọ́ọ̀nù. Bírò obìnrin náà ṣì wà ní òkè pátápátá ìwé, lórí ìlà kìíní. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀. Ó kàn dúró síbẹ̀ bí ẹyẹ tó ń dúró de ìdin.

Àdúrà.

Jẹnẹrétọ̀ ti fò ó kọjá. Máàkì márùn-ún kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ ló ń bà á lẹ́rù: pé ó kùnà lẹ́ẹ̀kan, kò sì tún rántí Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo adúgbò ń gbààwẹ̀, òun tí wọ́n ń torí rẹ̀ gbààwẹ̀ ti gbàgbé. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí ìbọ̀wọ́ má bàa fara kan nǹkan, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà." Ó sì dijú.

Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, tó bá ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà, kì í rí bíréèkì. Jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ìdásílẹ̀ ayé. Ó dúpẹ́ lórí omi, ó dúpẹ́ lórí iyọ̀. Ó gbàdúrà fún ẹsẹ̀ bàbá, ó gbàdúrà fún ẹsẹ̀ kejì kó má bàa jowú. Ó bẹ̀rẹ̀ láti àtàǹpàkò ẹsẹ̀, ó dárúkọ ìka kọ̀ọ̀kan. Ó gbàdúrà fún ẹni tó gé pákó, àti ẹni tó ṣe òwú, àti àwọn tó wà lójú ọ̀nà. Ó gbàdúrà fún Mátírọ́ọ̀nù, fún ojú Mátírọ́ọ̀nù, fún ẹni tó ń ṣe bàtà Mátírọ́ọ̀nù. Mátírọ́ọ̀nù, ẹni tí kò sí irú àdúrà tí kì í gbé e lọ, ti dijú láti gbólóhùn àkọ́kọ́. Ó ń mi orí, ó ń sọ "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni" lábẹ́ ahọ́n. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni wọ́n lò.

Wọ́n ṣe àmín. Jẹnẹrétọ̀ lajú. Aago ti kọjá mẹ́sàn-án pẹ̀lú ìṣẹ́jú méjìlá. Ó nawọ́ sí ẹ̀mú, ọwọ́ náà sì dúró lójú afẹ́fẹ́.

Ó ti dijú.

Ó wo aṣọ búlúù. Nǹkan kan kò yẹsẹ̀. Òwú wà níbi tí òwú wà, ẹ̀mú wà níbi tí ẹ̀mú wà. Eṣinṣin kan kò sí ní gbogbo wọ́ọ̀dù. Kódà aṣọ náà dà bí èyí tó tún tẹ́ dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mátírọ́ọ̀nù ti sọ bírò rẹ̀ kalẹ̀, ó ti fa máàkì sí ìlà kìíní, ó sì ń wò ó pé kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ojú rẹ̀ rọ̀, ìyẹn tí kì í rọ̀ rí. Àdúrà náà wọ̀ ọ́ lára.

Ìdánwò méjì ló wá wà níwájú Jẹnẹrétọ̀ báyìí, ọ̀kan ṣoṣo ló sì wà nínú ìwé. Bó bá mú ẹ̀mú yẹn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ìṣẹ́jú méjìdínlógún ló kù, iṣẹ́ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá ní òun fẹ́ tún un bẹ̀rẹ̀, á lọ gbé ìdì tuntun, á tún ọwọ́ fọ̀, á tún aṣọ tẹ́, aago á sì gbá a mọ́lẹ̀ níbi tó bá wà. Ọkàn rẹ̀ kan ní kó má ṣe agídí, pé ta ni kòkòrò tó máa gorí aṣọ nígbà tí wọ́n ń pe orúkọ Ọlọ́run lé e lórí. Ọkàn rẹ̀ kejì ní kòkòrò kò gbọ́ èdè kankan. Ó wo egbò náà. Ẹran ara rẹ̀ pupa, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó rántí òórùn tí gbogbo ilé ń sá fún.

"Mà," ló wí, ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́. Ó tún un sọ. "Mà, mo fẹ́ tún un bẹ̀rẹ̀."

Mátírọ́ọ̀nù wo aago. Ó ní kí ló ṣubú?

"Nǹkan kan ò ṣubú, mà. Mo dijú ni."

"Èmi wà níbí. Mi ò rí ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan kan."

Nínú gbogbo ọdún tí Jẹnẹrétọ̀ ti wà láyé, kò tíì sọ irú ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ yìí sí àgbà rí, ìyá rẹ̀ ì bá sì ti fi etí rẹ̀ rán aṣọ tó bá gbọ́.

"Ẹ̀yin náà dijú, mà."

Kódà ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹjọ ní òun gbọ́ ọ. Mátírọ́ọ̀nù wo kẹ̀kẹ́ náà bí ẹni tí kò rí i rí.

Káfíńtà ló wá gba ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní kí wọ́n má ṣe yọ ara wọn lẹ́nu, òun kò dijú ní tòun. Ó ní òun kì í dijú bí òun bá ń gbàdúrà, torí níbi iṣẹ́ òun, ẹni tó bá dijú á fi ìka sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ń retí ìyìn.

"Igun aṣọ yẹn ló ká. Kò jẹ́ kí n gbádùn àdúrà. Mo bá yín nà án, mo sì bá yín to òwú yẹn kó gún. Ọwọ́ mi mọ́ o. Mo kọ́kọ́ fi aṣọ mi nù ún."

Mátírọ́ọ̀nù dìde dúró. Ó tún jókòó. Jẹnẹrétọ̀ kò dúró gbọ́ ohun tó máa sọ. Ó ti bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ti ti kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn, ó ń sáré lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó ìdì sí. Nígbà tó padà dé, tó tún fọ ọwọ́, tó tún tẹ́ aṣọ, tó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ bàbá pé kó jọ̀ọ́ kó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú sí àyà, ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá.

Ó nu egbò náà láti àárín wá sí etí. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì ráyè bẹ̀ ẹ́. Bí ìka kan bá gbọ̀n, á dúró títí yóò fi balẹ̀, á tún tẹ̀ síwájú. Òwú kan, ó jù ú nù. Òwú kejì. Káfíńtà ń fi imú gba èémí, ó ń wo òrùlé. Mátírọ́ọ̀nù kò jókòó mọ́. Ó dúró, ojú rẹ̀ méjèèjì là sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Jẹnẹrétọ̀ rò pé kò ṣẹ́jú mọ́ rárá. Ó fi aṣọ rírọ̀ bo egbò. Ó mú báńdéèjì, ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì, ó dé agbedeméjì ojúgun.

Agogo dún.

Wọ́n ti kọ́ wọn pé bí agogo bá dún, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò, kó sì kọ ẹ̀yìn sí bẹ́ẹ̀dì. Mátírọ́ọ̀nù sọ ọ́, ó ní ó tó. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n ìdajì báńdéèjì ṣì ń rọ̀ dirodiro lẹ́sẹ̀ bàbá, bó bá sì fi í sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ á tú. Ó ní, "Ẹ dákun, mà," ó sì ń yí i lọ. Ó yí i dé òpin, ó so ó, ó ki ìka kan bọ abẹ́ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti le jù. Ìgbà náà ló tó kọ ẹ̀yìn. Omijé ló kọ ẹ̀yìn fún.

Wọ́n ní kó lọ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ló ti wà níbẹ̀ títí di ọ̀sán, lórí bẹ́ǹṣì onígi kan tó dojú kọ ọ́fíìsì Mátírọ́ọ̀nù. Ó rí i tí Mátírọ́ọ̀nù mú ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Ó rí i tó padà. Ó rí i tó tún lọ. Fóònù rẹ̀ ń gbọ̀n nínú àpò, ìyá rẹ̀ ni, kò gbé e. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé búrẹ́dì wá fún un, ó ní kó jẹ ẹ́, pé ẹni tí wọ́n fẹ́ lé kì í fi ebi rìn. Jẹnẹrétọ̀ bi í pé ta ló ní wọ́n fẹ́ lé òun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kò sẹ́ni tó sọ ọ́, àpèjúwe lásán ni. Jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò bí àpótí rẹ̀ ṣe máa rí lórí ọkọ̀, àti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn tóun lè gbà wọ ilé tí ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀bù kò fi ní rí òun. Kò sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn nínú ilé wọn. Ó kọ́ ọ̀kan lọ́kàn.

Nígbà tí wọ́n pè é wọlé, Mátírọ́ọ̀nù kò ní kó jókòó. Ìwé náà wà lórí tábìlì.

"O pàdánù máàkì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí àkókò," ló wí. "O pàdánù mẹ́tàdínlógún lórí aṣọ búlúù tó o dijú sí, o pàdánù márùn-ún lórí àdúrà. Mo ti kọ́kọ́ fún ẹ, mo fagi lé e. Àdúrà dára, ibi tó o gbé e sí ni kò dára. Mo yọ méjì torí pé agogo dún, o ò gbọ́."

"Mo gbọ́, mà."

"Mo mọ̀ pé o gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi yọ mẹ́wàá." Ó yí ojú ìwé. "Ibi tí ìwé ní kí n kọ ohun tí mo rí nígbà tí ojú ẹ kúrò lára aṣọ, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi náà ò rí nǹkan kan, pé mo dijú. Ọ̀gá àgbà ti kà á. Ohun tó sọ fún mi, kò kàn ẹ́."

Jẹnẹrétọ̀ kò mọ ibi tó máa gbé ojú sí. Mátírọ́ọ̀nù fi ìka kan ti ìwé náà síwájú rẹ̀. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ló wà nísàlẹ̀, wọ́n fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Ó kà á. Ó tún un kà, ó bá a bákan náà. Ó di etí tábìlì mú, ó ń wá ọ̀rọ̀ ọpẹ́, gbogbo èyí tó ní ló ti lò tán lórí ìka ẹsẹ̀ káfíńtà láàárọ̀.

Mátírọ́ọ̀nù ní kó má tíì dúpẹ́, ọ̀rọ̀ kan kù. Ó ní káfíńtà yẹn kò jẹ́ kí àwọn sinmi láti ìgbà tí ìdánwò ti parí. Bàbá náà ní Jẹnẹrétọ̀ ni òun fẹ́ rí, Jẹnẹrétọ̀ nìkan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti ń bi gbogbo nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù náà pé báwo ni ẹsẹ̀ òun. Èkíní ní kó ní ìgbàgbọ́. Èkejì ní Ọlọ́run kò ní fi í sílẹ̀. Ẹ̀kẹta tilẹ̀ kọrin fún un. Bàbá náà ronú jinlẹ̀, ó wá gbà pé ẹni tí wọ́n ń kọrin fún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gé. Ó ti ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ pé kó wá kó irinṣẹ́.

"Ẹsẹ̀ náà ń kọ́?" Jẹnẹrétọ̀ béèrè.

"Ó ń jinná dáadáa. Kò sí ẹni tó sọ fún un ni. Ó ní ọmọ tó lè sọ fún mi pé mo dijú, kò ní parọ́ fún òun."

Ó padà sí wọ́ọ̀dù. Káfíńtà ti jókòó sókè, ó ti yí ojú sí ibi tó máa gbà wọlé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lórí àyà bó ṣe ní kó ṣe é láàárọ̀, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó ti lè sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ dúró ti bẹ́ẹ̀dì. Kò sí aṣọ ìkélé, kò sí ìwé, ogún ènìyàn ló ń gbọ́.

"Bàbá, ẹsẹ̀ yín ń jinná. Wọn ò ní gé e."

Bàbá náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ṣé o rí i fúnra ẹ, àbí wọ́n rán ẹ?"

"Wọ́n rán mi, ṣùgbọ́n mo rí i. Ẹran rẹ̀ pupa, kò rùn, etí rẹ̀ ti ń sún mọ́ra. Mo ti rí èyí tó rùn rí."

Bàbá náà sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá bi í pé ìgbà wo lòun máa lè dúró lórí ẹsẹ̀ náà, kí òun fi ayùn gé pákó. Gbogbo ìdáhùn tí wọ́n ń dá ní wọ́ọ̀dù náà ló rọ́ wá sẹ́nu Jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń du ọ̀nà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ó pa ẹnu dé mọ́ wọn.

"Mi ò mọ̀, bàbá," ló wí. "Màá lọ béèrè."

Ó yí padà, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó gùn yẹn lọ. Ó dúró níwájú ọ́fíìsì Mátírọ́ọ̀nù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀, ó sì kan ilẹ̀kùn.